Dígí Àtijọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin láàárín wa láìsí ọba tó kéde rẹ̀: pé ohunkóhun tó bá ti pẹ́ nínú ilé, pàǹtí ni. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìwó nígbà tí àgbàlagbà bá jáde láyé, tí wọ́n sì ti ṣe fídáù tán. Àwọn ọmọ á ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun dé. Wọ́n á jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà. Wọ́n á pín oko, wọ́n á pín yàrá. Nígbà tó bá kan ẹrù inú pálọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan mọ́. "Ẹ kó gbogbo ìyẹn síta ká lè kun ilé." Lára ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ gbé síta ni dígí ńlá onífírémù pákó tó ti wà lára ògiri kí ẹni tó ń pàṣẹ náà tó dáyé. Wọ́n á fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Òjò á pa á, oòrùn á pa á, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé á sì parí iṣẹ́ tó kù.

Mo lòdì sí i pátápátá. Mo ní ogún ni dígí àtijọ́ tó wà nínú ilé bàbá ẹni. Ó lẹ́wà, ó níṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àwọn tó bí wa fi òógùn ojú wọn rà. Ẹni tó gbé e sọnù kò tún ilé ṣe, ó dín ilé kù ni. Àwíjàre mẹ́rin ni àwọn tó ń gbé e sọnù máa ń wí: pé ó ti bàjẹ́, pé ẹ̀mí burúkú ń bẹ nínú rẹ̀, pé kò lówó lórí, àti pé ohun òyìnbó ni, kì í ṣe tiwa. Màá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àwọn dígí náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń kó dígí wá sí etíkun wa, pẹ̀lú aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n dígí ńlá kì í ṣe ẹrù tí à ń rù lórí gba inú igbó kọjá. Reluwé àti kòkó ló gbé e wọ àárín ilẹ̀. Ní ọdún 1901, reluwé láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé Ìbàdàn. Ní 1907, ó ti dé Òṣogbo, Ìwó sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà tí owó kòkó wá gbilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí òpó àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀lé àṣà tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ mú wọ Èkó. Ẹni tó bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tán, ó di dandan kó ní pálọ̀ tí àlejò yóò wọ̀ tí yóò fi mọ̀ pé ilé ènìyàn ni òun wọ̀. Àwòrán onílé á wà lókè, agogo ògiri á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dígí á sì wà láàárín.

Àwọn mìíràn bá àwọn Àlàájì ti Mẹ́kà bọ̀: dígí tí wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sí lára ní lẹ́tà Lárúbáwá aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n ya Káábà sí. Ní ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti jókòó sí ààfin láti ayé Ọba Lámuyè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú dígí bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ẹni tó wọlé pé onílé yìí ti rí Mẹ́kà, ó sì ti padà bọ̀ láyọ̀.

Iṣẹ́ wo ni àwọn dígí wọ̀nyí ń ṣe? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ní àwọn ìlú òtútù, òkè ààrò tí wọ́n ń dá iná sí nínú pálọ̀ ni wọ́n máa ń gbé dígí ńlá kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń kọjú sí lálẹ́. Àbẹ́là tó wà lórí pẹpẹ ààrò á di méjì, iyàrá tó há á dà bí èyí tó fẹ̀. Àwọn ọba wọn pàápàá mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Louis kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé parí gbọ̀ngán dígí rẹ̀ ní Versailles ní 1684, dígí 357 ni wọ́n tò sí ògiri kan, kí wọ́n lè kọjú sí fèrèsé 17 tó wà ní òdìkejì. Àwa kò nílò ààrò nínú pálọ̀, oòrùn wa tó wa. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò tó nínú ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí fèrèsé rẹ̀ sì kéré. Àwọn bàbá wa gbé dígí sí òdìkejì fèrèsé, tàbí sókè tábìlì tí àtùpà ń jókòó lé. Iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n sì ṣe é ní ìlànà ilé tiwọn. Títí dòní tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó bá gbé àtùpà síwájú dígí ńlá yóò rí i pé iṣẹ́ yẹn kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ àwíjàre kìíní: pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n á nàka sí àmì dúdú tó yọ sí etí rẹ̀, wọ́n á ní dígí yìí ti kú. Gíláàsì lásán kọ́ ló ń fi ojú wa hàn wá. Ohun tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yúróòpù, tíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á da mákíúrì lé e, wọ́n á sì fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oró mákíúrì yẹn ba ìlera àwọn oníṣẹ́ náà jẹ́ gidigidi. Ní 1835, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, rí ọ̀nà tí fàdákà fi lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọ̀nà yìí ló sì wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mákíúrì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú dígí tí owó kòkó gbé wọ ilẹ̀ wa, fàdákà ló wà lẹ́yìn wọn. Fàdákà kò sì fẹ́ ọ̀rinrin. Tí omi bá gba etí wọlé sí i, tàbí tó bá fara ti ògiri tó ń mu omi, ibẹ̀ á dúdú. Àárín rẹ̀ ṣì ń fi ojú hàn kedere.

Ẹni tó bá ní kí dígí tó lo ìgbésí ayé ènìyàn méjì má ní àmì lára, ohun tí kò sí láyé ló ń béèrè. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn oníṣẹ́ dígí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ èyí débi pé wọ́n ń fi kẹ́míkà jẹ ẹ̀yìn dígí tuntun kó lè ní irú àmì dúdú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń rí ẹni rà á. Ohun tí àwọn kan ń náwó láti fara wé, òun ni àwa ń fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Kí ni wọ́n sì fi ń rọ́pò rẹ̀? Dígí olówó pọ́ọ́kú tí fírémù rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ páálí. Bí fírémù yẹn bá ti sán, ó parí. Káfíńtà kankan kò lè tún un ṣe. Gíláàsì inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé kejì àti ti ilé kẹta. Láti 1959 tí ilé iṣẹ́ Pilkington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi han aráyé bí wọ́n ṣe ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tíìnì yíyọ́ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà yẹn ló ti gba ayé kan. Ọ̀pọ̀ gíláàsì tó ṣáájú ìgbà náà máa ń ní ìgbì díẹ̀ lára. Tí ẹ bá rìn kọjá níwájú rẹ̀, ẹ ó rí i tí òjìji yín á mì díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì fá etí rẹ̀ yípo, bí oòrùn àárọ̀ bá kàn án, á ju àwọ̀ òṣùmàrè sára ògiri. Kò sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí lára èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwíjàre kejì ló burú jù, nítorí pé aṣọ ẹ̀sìn ló wọ̀. Wọ́n ní òkú ti wo inú dígí náà, nítorí náà ojú òkú ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ojú ọ̀nà tí ẹ̀mí àìrí ń gbà wọlé ni. Ẹnìkan á ní kí wọ́n lọ sun ún, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ sódò. Dígí tó bá jóná báyìí ní orúkọ ìdáǹdè, ìrántí ìran mẹ́ta ló ń bá a lọ.

Màá fi ẹ̀sìn dá ẹ̀sìn lóhùn. Ẹ̀yin Kristẹni, ẹ ṣí ìwé Ẹ́kísódù, orí 38, ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé dígí àwọn obìnrin tó ń sìn ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé ni wọ́n fi ṣe agbada idẹ. Idẹ dídán ni wọ́n fi ń ṣe dígí nígbà náà. Bí ohun ìwòjú bá jẹ́ ilé ẹ̀mí burúkú, ṣé òun ni wọ́n á fi ṣe ohun tí àlùfáà ti ń wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó tó súnmọ́ pẹpẹ Ọlọ́run? Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ mọ àdúà tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa ṣe bí a bá ń wo dígí, tí a fi ń bẹ Ọlọ́run pé bó ṣe ṣe ẹ̀dá wa dáadáa, kó bá wa tún ìwà wa ṣe. Ohun tó ní àdúà tirẹ̀, báwo ló ṣe di ohun ègún? Ní ti oníṣẹ̀ṣe, dígí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ Ọ̀ṣun, Òṣogbo ò sì jìnnà sí wa. Kò sí èyí tó ní ká fọ́ dígí nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù náà ló yá ohùn ẹ̀sìn lò.

Àwọn ìyá wa máa ń fi aṣọ bo dígí bí àrá bá ń sán. Mi ò bá wọn jà. Dígí kì í fa àrá. Ohun tó ga ní gbangba, bí igi àti òpó, ni mànàmáná máa ń kàn jù. Ṣùgbọ́n aṣọ kò pa dígí lára, ìyá tó bò ó sì ń fẹ́ kí ilé àti dígí jọ yè é. Ẹni tó ní ká lọ sun ún kò fẹ́ kí nǹkan kan yè.

Àní, ojú òkú tí wọ́n ń sọ yìí, ojú ta ni? Ojú ìyá yín ni, níbi tó ti ń wé gèlè lówúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ yín lórúkọ. Ojú bàbá yín ni, níbi tó ti ń tún fìlà ṣe kó tó lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá. Bí a bá wá ń bẹ̀rù ojú wọ̀nyí, tí a ń ké pe wòlíì àti áfáà lé wọn lórí, a ti sọ àwọn tó bí wa di ọ̀tá lẹ́yìn ikú wọn. Mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ wá.

Àwíjàre kẹta ni pé kò lówó lórí. Lọ́dọ̀ ta ni? Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri Gídígbò, Mọ́lété àti Ìsàlẹ̀ Ọba ní Ìwó láti ra irin àlòkù kò rí owó nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ra nǹkan, wọn kì í ra iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí onírin àlòkù dá iye lé ogún bàbá òun ti gbà pé ogún náà kò ju irin lọ. Ní London àti Paris, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí wọn kò ta nǹkan mìíràn ju dígí àtijọ́ lọ, iye tí wọ́n sì ń dá lé e máa ń ga sí i bí ẹni tó ń tà á bá lè sọ ìtàn rẹ̀: ilé tó ti wá, ẹni tó ni ín, ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìtàn yẹn gan-an ni àwa ní lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu àwọn ìyá àgbà tó wà nínú agbo ilé wa ló wà.

Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sáré lọ ta tirẹ̀. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ fún wa. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, àti ohun tí a fi ń ṣe ètùtù àti ọdún ìbílẹ̀. Kò mẹ́nu ba dígí inú pálọ̀ bàbá yín. Ohun tí òfin dárúkọ pàápàá kì í fìgbà gbogbo yè. Ilojo Bar, ilé ìdílé Fernandez tó wà ní Tinubu Square ní Èkó, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó ohun ọnà ààfin Benin lọ ní 1897, a sì ń jà títí Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ padà ní 2022. Èyí tí a bá fọwọ́ ara wa sọ sórí ààtàn, ọ̀dọ̀ ta la máa lọ béèrè rẹ̀?

Ó wá ku àwíjàre kẹrin, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù: pé ohun òyìnbó ni dígí onífírémù, pé kò sí nínú àṣà wa, pé kí a má fi ṣe ogún. Gíláàsì rẹ̀ ti òkè òkun wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà ìlú ló fi fírémù sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti ara ìrókò, ọ̀mọ̀ àti ọ̀gànwó tí a gé nínú igbó wa. Àǹkárá náà ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands wọlé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa yọjú síbi ìnáwó ní Ìwó láti wí fún àwọn ẹbí tó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá pé aṣọ àjèjì ni wọ́n wọ̀. Ohun tí a fi owó wa rà, tí a wá àyè fún nínú ilé wa, tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ fún ayẹyẹ wa láti ìran dé ìran, tiwa ni.

Àwọn tó ń ṣe àwíjàre yìí kì í tilẹ̀ dúró tì í. Ohun àlòkù kì í lé wọn sá, nítorí tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ wọn, tòkunbọ̀ ni fíríìjì wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni àlòkù bàbá tiwọn. Ní Èkó báyìí, àwọn olówó ń ra ààrò oníná mànàmáná sí pálọ̀, tó ń ṣe bí ẹni pé igi ló ń jó nínú rẹ̀, ní ìlú tí ooru ń pa wọ́n, wọ́n á sì gbé dígí lé e lókè bí wọ́n ṣe rí i nínú fíìmù. Ìránnilétí òtútù ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n ń sanwó fún. Dígí tó rántí ilé tiwọn, tó rántí ojú ìyá wọn, wà lábẹ́ òjò ní Ìwó. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, àmọ́ ohun tí à ń ṣe yìí ju ìjúwe lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé dígí tilé òun ti fọ́ pátá, kò ṣeé wò mọ́. Ó dáa. Fírémù kò fọ́. Kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé gíláàsì, kí wọ́n wọn tuntun sí i. Èyí tí kò bá tíì fọ́, ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí á fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nù ún. Kí á má ṣe da omi tàbí ọṣẹ sí i lára, nítorí etí ni omi ń gbà dé ẹ̀yìn. Kí á má gbé e sára ògiri tó ń mu omi. Kí á fi ègé pákó kékeré sáàárín òun àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kí á fi wáyà tó lágbára àti ìkọ́ méjì gbé e kọ́, torí gíláàsì àtijọ́ wúwo. Kí á má ṣe ha ẹ̀yìn rẹ̀ láé. Bí ó bá jẹ́ ti ayé mákíúrì, tí ẹ rí ohun dídán tó ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn, nítorí májèlé ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà á àti ìlú tó ti rà á, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fírémù.

Iṣẹ́ yìí kan àwọn aṣáájú ìlú náà. Ààfin Olúwòó, ọba Ìwó, ní àyè. Yunifásítì Bowen, tó ti wà láàárín wa láti 2001, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, kí wọ́n ya fọ́tò dígí, agogo àti àga àtijọ́, kí wọ́n sì gba ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí àwọn àgbà náà tó lọ. Kò ní ná ìlú lówó tó ti ọdún ìbílẹ̀ kan. Ìdílé tó bá sì fẹ́ kun ilé lè kun ún: ẹ sọ dígí kalẹ̀, ẹ kun ògiri, ẹ gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, ẹni tó bá ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí dígí yẹn jáde. Bí kò bá wù yín, ẹ pe àbúrò, ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó pe onírin àlòkù. Ẹnìkan nínú ẹbí yóò gbà á, ibẹ̀ sì ni ogún ti tọ́ kó wà.